Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: ṣé ìbànújẹ́ ló pa bàbá yẹn ni àbí ọjọ́ orí?

Àjọkẹ́_Yábàá
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, ó ti wọ grúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti wọ ti ẹbí, ó ti wọ ti àwọn ìyálọ́jà pàápàá. Wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, bàbá tó ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, pé àwọn òyìnbó gba oyè bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá fìbínú jáde ní Áńgílíkà, ó lọ dá ìjọ tiẹ̀ sílẹ̀, kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìbànújẹ́ fi pa á. Àwọn kan ti ń kọ "RIP Daddy" sábẹ́ ẹ̀ bíi pé àná ni wọ́n sin bàbá 😂

Èmi kì í ṣe òpìtàn o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé 31 December 1891 ló kú, níbí ní Èkó, ọjọ́ tí àwa ń pè ní crossover lónìí, mo sì mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù ló ṣì jẹ́ títí tó fi kú. Ìyókù ni kò dá mi lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ bá mi dá sí i, mo fẹ́ dá wọn lóhùn ní grúùpù ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi irọ́ pa irọ́.

Tíṣà_Bàrígà
Àjọkẹ́, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fọ́wọ́ọ̀dù. CMS Grammar School ni mo ti jáde, èyí tó wà ní Bàrígà báyìí (CMS yẹn ni Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti London), àna bàbá yìí ló sì dá a sílẹ̀ ní 1859, Thomas Babington Macaulay. Òun ló fẹ́ Abigail ọmọ Crowther, àwọn méjèèjì ló bí Herbert Macaulay tí àwòrán ẹ̀ wà lára kọ́ìnì náírà kan. Torí náà ìtàn yìí, láti ọmọ kékeré la ti ń gbọ́ ọ lórí asẹ́ḿbílì, pẹ̀lú oòrùn lórí wa.

Ẹ jẹ́ n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Òṣogùn ni wọ́n bí i, lápá Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún, nǹkan bíi 1809. 1821 ni ogun akónilẹ́rú wọ ìlú wọn, àwọn Fúlàní àtàwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ń jagun, àárọ̀ ni, oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná. Wọ́n ti okùn bọ̀ wọ́n lọ́rùn, òun, ìyá ẹ̀, àwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin, wọ́n ń wọ́ wọn lọ. Ọmọ bí ọdún méjìlá mẹ́tàlá ni. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, ó tún yá wọ́n ní ẹṣin náà ò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà bí ẹni dá aṣọ padà fún oníṣòwò, wọ́n tún tà á, wọ́n tún tà á, ìgbà kan wà tó jẹ́ tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n ń kó òun lọ, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun fi ìgbàdí òun gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn lóru, ọkàn òun ò kàn gbé e ni. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Èkó níbí ni wọ́n ti kó o wọkọ̀. April 1822, ọkọ̀ Potogí tí wọ́n ń pè ní Esperança Feliz, kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, fi dá wọn lọ́nà, tó gbà wọ́n, tó sì kó wọn lọ sí Freetown. Nítorí náà Èkó tí Àjọkẹ́ ní ó kú sí yìí, Èkó yìí náà ni wọ́n ti tà á fún òyìnbó. Èmi ò lè fo ibẹ̀ yẹn.

Ní Freetown ló ti kàwé, ó ṣe ìrìbọmi ní December 1825, ó gba orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ní London, Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Asano, tí wọ́n wá ń pè ní Susan, òun náà ti ṣe ẹrú rí kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. 1843 ni wọ́n fi jẹ àlùfáà ní London. January 1844 ó wàásù ní Yorùbá ní Freetown níwájú àwọn tó jẹ́ pé ẹrú ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, èdè ilé ni wọ́n gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ò lè mú un mọ́ra, dípò Àmín wọ́n ní "kó ṣẹ".

Pásítọ̀_Kékeré_Kétu
Yéè. "Kó ṣẹ" yẹn gbé mi nílẹ̀. Tíṣà, Olúwa á máa fún yín lókun o.

Mo fẹ́ béèrè, mo gbọ́ pé ó padà rí ìyá ẹ̀, ṣé òótọ́ ni àbí irú ìtàn tí àwa oníwàásù máa ń fi iyọ̀ sí ni? (Mo mọ ara wa 😅)

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè
Òótọ́ ni àbúrò mi, kò níyọ̀ kankan nínú. Mo ń dúró kí Tíṣà dé ibẹ̀, wọ́n fò ó kọjá.

1845 ló bá ọkọ̀ wá sí Bádágìrì pẹ̀lú Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó CMS, àtàwọn yòókù, wọ́n dúró níbẹ̀ fún ọdún kan ó lé torí ọ̀nà ò ṣe é gbà, 1846 ni wọ́n ráàyè wọ Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n sọ fún ìyá ẹ̀, Àfàlá, pé ọmọ ẹ̀ wà láyé, ó ti di àlùfáà òyìnbó. Obìnrin yẹn ti gba òmìnira, wọ́n tún ti mú un lẹ́rú, wọ́n tún ti rà á padà, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan. August 1846 ni, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ya wọ́n. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ pé nígbà tí ìyá òun rí òun ńṣe ló ń gbọ̀n, àwọn di ara àwọn mú, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, omijé kàn ń dà lójú ìyá arúgbó yẹn. Ìgbà tó wá lanu, àwọn orúkọ tí ìyá ìyá ẹ̀ fi máa ń pè é ní kékeré ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ẹ̀yin tí wọ́n fi oríkì jí nílé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ yẹn nínú kàlẹ́ńdà ẹ̀ ni Orin Dáfídì 10:14, ibi tó ti ní Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìní baba. Ó ní òun ò mọ bí ẹsẹ yẹn ṣe lágbára tó títí di ọjọ́ yẹn. Ìyá náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní 1848, Hannah ni wọ́n sọ ọ́, ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Mo máa ń sunkún níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ fi mí sílẹ̀.

Pásítọ̀_Kékeré_Kétu
Hannah ìyá Samuel! Mi ò rò ó débẹ̀ rárá. Màmá, ẹ ti fún mi ní wáàsí Sunday Ọjọ́ Ìyá.

Alàgbà_Akọrin_Marina
Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́rin, inú kọ́ìyà ní Marina ni mo dàgbà sí. Ẹ jẹ́ n wá síbi ikú tí Àjọkẹ́ béèrè, torí ẹ̀ ń yí i po.

Ohun àkọ́kọ́, Crowther ò fìgbà kan jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Èkó. Ẹ tún un kà. 29 June 1864 ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ ẹ́ nínú Áńgílíkà, ọdún yẹn náà ni Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Herbert ọmọ ọmọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé oyè yẹn ni pé àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin ni yóò máa ṣe bíṣọ́ọ̀bù lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì sì ti gba Èkó ní 1861, nítorí náà abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Sàró ni Èkó wà. Abẹ́òkúta tí kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀, Townsend ló ṣáájú wọn, ní àwọn ò ní sìn lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Townsend tí wọ́n jọ wọ Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì ń sọ yẹn o! Bàbá ń gbé l'Ékòó, ìdílé ẹ̀ wà l'Ékòó, á wọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, á ṣiṣẹ́, á padà, tó bá sì padà dé, nínú ìjọ ìlú tó ń gbé, kò ní àṣẹ kankan.

Ibi tí wọ́n wá fún un ni Odò Ọya, ibi tí ibà ti ń gbẹ̀mí òyìnbó láti 1841 tí òun fúnra ẹ̀ bá wọn lọ nígbà àkọ́kọ́, tí wọ́n kú jọ. Àwọn èèyàn wa láti Sàró ló fi ṣiṣẹ́, Onitsha ní 1857, Lọ́kọ́jà, Bonny, Brass. Ẹni tó dúró tì í ní London ni Henry Venn, akọ̀wé CMS, òun ló gbà gbọ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ ní ìjọ tí ọmọ Áfíríkà ń darí. 1873 Venn kú. Nǹkan yí padà. Kuiníìnì ti jẹ́ kí òyìnbó lè pẹ́ lórí odò, ilé iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó ti ń gba odò mọ́ra, ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí gbogbo èèyàn fẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan wá dé, J.A. Robinson, Graham Wilmot Brooke, àtàwọn yòókù, onítara ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ bàbá ti ju bàbá wọn lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò, wọ́n ń dá èyí dúró, wọ́n ń lé tọ̀hún. August 1890 ni ìpàdé kọ̀mítì ìnáwó CMS ní Onitsha, bíṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ jókòó síbẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún. Akọ̀wé kọ̀mítì, F.N. Eden, ní òun lágbára láti dá àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì dárúkọ Archdeacon Dandeson Crowther mọ́ wọn, ọmọ bíbí inú bàbá, lójú bàbá. Bàbá béèrè ibi tó ti rí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Wọn ò dá a lóhùn tó gbámúṣé. Ó bá ní òun kúrò nínú kọ̀mítì náà.

KỌ̀MÍTÌ ló fi sílẹ̀ o. Kò fi oyè sílẹ̀, kò fi Áńgílíkà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ti dàrú. Láti August 1890 sí December 1891, ẹ ka oṣù ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akoka
Ẹ ṣeun Alàgbà. Àmọ́ ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ọmọdé mélòó kan wá láti òkèèrè, wọ́n yẹ̀yẹ́ bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, bàbá wá kàn kúrò ní kọ̀mítì?? Kí ló dé tí kò kó àwọn èèyàn ẹ̀ jáde? Èkó nígbà yẹn gbóná, Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti Liberia, wá sọ̀rọ̀ níbí, ó ní kí aláwọ̀ dúdú dá ìjọ tiẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní August 1891, United Native African Church. Bíṣọ́ọ̀bù wà láyé nígbà yẹn. Ká ní ó bá wọn lọ ni, gbogbo Èkó ló máa tẹ̀ lé e. Lójú tèmi ó ti jẹ́ jẹ́jẹ́ jù.

Alàgbà_Akọrin_Marina
Ọmọ mi, o béèrè dáadáa, n kò bínú. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣe lẹ́yìn kọ̀mítì. Ó lọ bá àwọn ìjọ ìsàlẹ̀ odò, Bonny àti Brass, àwọn wọ̀nyẹn lówó lọ́wọ́, oníṣòwò epo ni wọ́n, ó ní ẹ jẹ́ ká máa bọ́ ara wa, kí CMS má san kọ́bọ̀ mọ́, kí wọ́n má sì lè pàṣẹ fún wa mọ́, ká sì ṣì jẹ́ Áńgílíkà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Niger Delta Pastorate. Ó yọ ìjọ kúrò lọ́wọ́ kọ̀mítì láìyọ ọ́ kúrò nínú ìjọ àgbáyé. Dandeson tí wọ́n fẹ́ dá dúró yẹn ló darí ẹ̀ láti 1892. Ìyẹn ni o ń pè ní jẹ́jẹ́?

Ẹni tí wọ́n ti tà tó bí bàbá yẹn, mo rò pé ó mọ bí a ṣe ń fara dà, ó sì mọ ibi tí ìfaradà parí sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akoka
Mi ò mọ apá Delta yẹn tẹ́lẹ̀. Mo gba ti owó yẹn, ẹni tó ń bọ́ ẹ ló ń pàṣẹ fún ẹ. Síbẹ̀ mo ṣì rò pé ó yẹ kó pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn Èkó ń pariwo fún un nínú ìwé ìròyìn, òun dákẹ́.

Tíṣà_Bàrígà
Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tó lè má dùn mọ́ yín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn òṣìṣẹ́ odò ló jẹ́ irọ́. Èèyàn díẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù tó ń dúró de ọkọ̀ oníṣòwò kó tó lè lọ wò wọ́n, àwọn kan lára wọn ṣòwò ju bó ṣe yẹ lọ, ìwà àwọn kan ò sì dáa. Ẹjọ́ kan wà tí òṣìṣẹ́ ìjọ ní Onitsha lu ọmọdébìnrin kan dójú ikú, Freetown ni wọ́n ti dájọ́ ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù máa ń rò pé bí ọkàn tòun ṣe rí ni ti gbogbo èèyàn rí, aláàánú bàbá ni, ó máa ń pẹ́ kó tó bá èèyàn wí. Ìyẹn kù díẹ̀ káàtó, mo gbà. Ṣùgbọ́n kéèyàn torí ẹ̀ wẹ gbogbo àlùfáà dúdú mọ́ ọn, kó ní aláwọ̀ dúdú ò lè ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ni ìkà tó wà níbẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀ lé e. Robinson kú ní Lọ́kọ́jà ní 1891 kí bàbá tó kú, Brooke kú níbẹ̀ náà ní March 1892. Àwọn tó ní bàbá ò mọ iṣẹ́ odò, odò ò gbà wọ́n. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù Hill, òun náà kú ní Èkó níbí lọ́dún 1894, kò tíì pẹ́ tó dé. Àwọn tiwa, Olúwọlé àti Phillips, igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Ó di àwọn ọdún 1950, ìgbà tí Akínyẹlé jẹ bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, kí ọmọ Yorùbá tó tún ní dáyósíìsì tiẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè wá, mo ń retí kẹ́nì kan dárúkọ Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ní 1851, ẹnu yín wúwo. Bàbá yín yìí ló lọ bá Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, àti Ọbabìnrin Victoria ní 1851, ó ní kí wọ́n dá Akítóyè tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò padà sórí oyè, December ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ọkọ̀ ogun rọ̀jò ọta lé Èkó lórí, Kòsọ́kọ́ sá wá sọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ń sunkún torí kọ̀mítì, àwa ńkọ́?

Tíṣà_Bàrígà
Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ó yẹ kó wọ̀ ọ́, òótọ́ ni ó lọ. November 1851 ló rí Ọbabìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní Windsor, wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ Èkó àti Abẹ́òkúta lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún ka Àdúrà Olúwa fún wọn ní Yorùbá. Àmọ́ Palmerston àti kọ́ńsù Beecroft ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ Èkó kí bàbá tó dé Windsor, òun kọ́ ló dá ogun yẹn sílẹ̀. Ó kàn fi ẹnu sí i. Ìwọ náà ro ó wò, ẹni tí wọ́n tà létí ọ̀sà Èkó, ta lo fẹ́ kó gbè, ọba tí òwò ẹrú ń lọ lábẹ́ ẹ̀?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Mo gba ti òwò ẹrú, ta ló máa jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n Akítóyè náà ò kúkú mọ́ lọ́wọ́ ẹrú tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ò sì mọ ẹlẹ́rú yàtọ̀ sí aláìlẹ́rú, ó jó ilé gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì wá bá wa tún ilé ṣe, Gẹ̀ẹ́sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tó sì yá, Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ló ní bàbá ò tó bíṣọ́ọ̀bù Èkó. Èmi ò yọ̀ o, mo kàn ń sọ pé ó wà nínú ìtàn ẹ̀.

Alàgbà_Akọrin_Marina
Ọ̀rọ̀ rẹ ò ṣe é dà nù. Mo jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá ìyá mi náà ní ìtàn tiwọn nípa ọjọ́ yẹn, kò dùn ún gbọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìjú
Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè Àjọkẹ́ ni mo fẹ́ dáhùn, torí iṣẹ́ mi ni. Rọpárọsẹ̀ ni mo kà pé ó ṣe é kó tó kú. Ẹni tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin, tó ti fi gbogbo ayé wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ibà ti mú láìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò tó máa ní ìbànújẹ́ nìkan ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ orí, ìwọ̀nyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín náà pé àròkàn ò mọ̀ sí i. Mo rí wọn ní wọ́ọ̀dù, àwọn bàbá tí ilé iṣẹ́ já sílẹ̀ lójijì, ìfúnpá wọn á lọ sókè, a ó lo oògùn tì. Kò sẹ́ni tó wọn ìfúnpá bíṣọ́ọ̀bù ní Onitsha. Ẹ kọ rọpárọsẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ kó so wọ́n pọ̀.

Àjọkẹ́_Yábàá
Sista Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé gan-an, ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ìgbà wo ni rọpárọsẹ̀ yẹn kọ́kọ́ mú un?

Alàgbà_Akọrin_Marina
Àárín 1891 ló kọ́kọ́ kọ lù ú, ó jẹ́ kó gbádùn díẹ̀, ó tún padà wá. Kò pa iṣẹ́ tì láàárín ìgbà yẹn, ètò àwọn ìjọ Delta ló gbà á lọ́kàn. Ní Èkó níbí ló dákẹ́ sí, 31 December. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ìtẹ́ òkú tó wà láàárín Èkó gan-an, àwọn ẹni ńlá Èkó ìgbà yẹn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò lè mọ ibẹ̀ torí àwọn ìjọba ológun ló wá palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ní ilẹ̀ ló wúlò fún àwọn. Ó ká wa lára nígbà yẹn. Wọ́n hú bàbá, wọ́n gbé e wá sí Kàtídírà Marina ní 1976, ibẹ̀ ló wà báyìí, wọ́n mọ ohun ìrántí sí i. Ẹ kọjá bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù CMS, ẹ wọ inú, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín, wọn ò ní gbowó.

Ní June 2014, tí wọ́n ṣe àádọ́jọ ọdún tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tó jẹ́ Archbishop Canterbury nígbà yẹn tọrọ àforíjì ní Kàtídírà Canterbury, níwájú gbogbo èèyàn, ó ní wọ́n dà á, wọ́n jin ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn, ohun tí wọ́n ṣe ò dáa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́fà lẹ́yìn ikú ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè
Àforíjì tó dé lẹ́yìn tí olóúnjẹ ti sùn. Ó ṣáà dé.

Mo fẹ́ fi èyí kún un. 1862 ilé ẹ̀ jó ní Abẹ́òkúta, àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún pípẹ́ jóná mọ́ ọn, àtàwọn ìtumọ̀ Bíbélì kan. Ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀. 1867 ìjòyè kan nítòsí Ìdá, Abokko, mú òun àti Dandeson, ó ní àfi kí wọ́n sanwó kóun tó fi wọ́n sílẹ̀, òyìnbó tó bá wọn sá àsálà, Fell, ọfà pa á. Ó tún padà sórí odò yẹn! Ká ní èmi ni, Marina ni mo máa jókòó sí, kí n máa wo ọ̀sà.

Pásítọ̀_Kékeré_Kétu
Èmi tí mo máa ń kùn tí jẹnẹrétọ̀ bá kú láàárín wáàsí 🙈 Olúwa dárí jì mí.

Alábòójútó
Mo ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan kúrò nísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ Èṣù inú Bíbélì Yorùbá wá, ẹ mọ̀ pé ojú ewé tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó ti gùn dé ọ̀run, ẹ lọ jà á níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayé àti ikú bàbá là ń sọ níbí.

Àjọkẹ́_Yábàá
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí grúùpù rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọ́wọ́ọ̀dù ìyẹn mọ́. Wọn ò gba oyè lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, kò sì fi Áńgílíkà sílẹ̀. August 1890 ni wọ́n rí i fín ní Onitsha, tí wọ́n fẹ́ dá ọmọ ẹ̀ àtàwọn àlùfáà ẹ̀ dúró lójú ẹ̀, ó fi kọ̀mítì yẹn sílẹ̀, ó sì ṣètò kí àwọn ìjọ Delta máa bọ́ ara wọn. Rọpárọsẹ̀ mú un ní 1891, ó kú ní Èkó ní 31 December, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Kàtídírà Marina ló wà."

Alàgbà_Akọrin_Marina
Ó dáa. Fi 2014 sí i, kí wọ́n má baà ní o ń gbèjà òyìnbó.

Nọ́ọ̀sì_Ìjú
Gé e kúrú díẹ̀ sí i, àwọn èèyàn WhatsApp kì í kà ju ìlà mẹ́ta lọ.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Kòsọ́kọ́ ò sí nínú ẹ̀.

Àjọkẹ́_Yábàá
Ẹ̀gbọ́n, grúùpù àwọn ìyá ìjọ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí o 😂 tí mo bá fi Kòsọ́kọ́ sí i ìjà máa ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Kó ṣẹlẹ̀ náà. Alábòójútó, ẹ bá mi ṣí ojú ewé míì fún 1851, mo ní nǹkan tí bàbá bàbá mi sọ, mo máa kọ ọ́ lálẹ́ ọ̀la tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́.

Alábòójútó
Ó ti wà níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀.